CV Kì í Ṣe Oríkì

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá láti Ìbàdàn, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní New Bell ní Douala, fi CV rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Bonanjo ló fẹ́ mú un lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Douala ń wá oníṣirò owó. "Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, sà," ó ní, "àmọ́ mo rò pé ó ti pé."

Ojú ìwé mẹ́rin ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti wá, mo mọ ẹ̀sìn rẹ̀, mo mọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, mo sì mọ̀ pé ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́, aláápọn, ẹni tí iṣẹ́ kì í sú. Ohun tí mo wá títí tí mi ò rí ni iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́ta ṣe nílé ìtajà kan ní Dùgbẹ̀. Ìlà kan péré ló kọ lórí rẹ̀: "Oníṣirò owó, 2020 sí 2023."

Oríkì lọmọ yìí kọ, kì í ṣe CV. Oríkì dára níbi tó bá yẹ. Ẹni tí à ń kì wà níwájú wa, gbogbo agboolé ló mọ baba rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ẹni tó ń kì í mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Bonanjo kò mọ baba ẹnikẹ́ni nínú wa. Òkìtì ìwé ló wà lórí tábìlì rẹ̀, gbogbo àwọn tó kọ ọ́ ló sì sọ pé olóòótọ́ làwọn. Ẹ̀rí ló ń wá nínú òkìtì yẹn.

Mo pe ọmọ náà. Mo ní kó gbé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó kàn sọ fún mi ohun tó máa ń ṣe láti ìgbà tó bá ti dé ibi iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú. Ẹnu rẹ̀ là. Ẹ̀ka ìtajà mẹ́ta ló ń ṣe ìṣirò owó wọn lálaalẹ́. Òun ló ń fi ìwé owó wọn wé ohun tí báńkì kọ. Nígbà tó débẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń parí ìṣirò òpin oṣù. Nígbà tó máa fi kúrò, ó ti di ọjọ́ mẹ́rin. Ó tiẹ̀ rí i nígbà kan pé wọ́n ti sanwó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà títí owó fi padà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí nínú CV rẹ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ mi náà kọ́ nìyẹn, sà? Ṣé èèyàn á máa fi ìyẹn yangàn ni?"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, mo sì mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe. Ojú tì í láti sọ pé ọjọ́ mẹ́wàá di mẹ́rin, ojú kò sì tì í láti pe ara rẹ̀ ní ẹni tí iṣẹ́ kì í sú. Èyí tó lè mú ẹ̀rí rẹ̀ wá ló fi pamọ́. Èyí tí kò sẹ́ni tó lè wádìí ló kọ gàdàgbà. Bí ẹ bá gba CV àwọn ọmọ wa wò, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lẹ máa bá nídìí àṣìṣe yìí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, ta ló ń ka gbogbo ìyẹn? Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ń kà á, kíá kíá ló sì ń kà á. Ìdí nìyẹn tí ohun tó kan iṣẹ́ tí wọ́n ń wá èèyàn sí fi gbọ́dọ̀ wà lókè ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì yàgò fún un.

Ohun kejì tó dùn mí nínú ìwé náà, lẹ́tà mẹ́ta ni: HND. Ó gbà á ní Poli Ìbàdàn, ó kọ ọ́, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nílé, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọdún méjì ni OND, ọdún kan níbi iṣẹ́, ọdún méjì mìíràn fún HND. Kamẹrúùnù náà ní HND tiwọn, àmọ́ ọdún méjì lẹ́yìn A Level ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó kàwé ní Faransé ni BTS. Ẹni tó bá rí HND lásán ní Douala á ka wàhálà ọdún márùn-ún sí ti ọdún méjì, kò sì ní í mọ̀ pé òun rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ti Nàìjíríà ni, pé ọdún mẹ́rin lẹ fi kàwé, ẹ sì fi ọdún kan ṣiṣẹ́ láàárín. Bí ẹ bá gba Upper Credit, ẹ sọ pé ìpele kejì láti òkè ni, nítorí ẹni tó kàwé ní Faransé, máàkì lórí 20 ló mọ̀. Bákan náà ni NYSC. Láti 1973 la ti ń sin ilẹ̀ baba wa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó wà létí odò Wouri lè má mọ ohun tó jẹ́. Gbólóhùn kan tó.

Ní ti oníṣirò owó gan-an, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní 1993 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn OHADA ní Port Louis. Lónìí, orílẹ̀-èdè 17 ló wà lábẹ́ òfin ìṣòwò kan náà nípasẹ̀ rẹ̀: Kamẹrúùnù wà níbẹ̀, Benin wà níbẹ̀, Togo wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí. Wọ́n ní ìlànà ìṣirò owó tiwọn, SYSCOHADA ni wọ́n ń pè é, èyí tí wọ́n sì tún ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2018. Ohun gbogbo ló ní nọ́ńbà: ìsọ̀rí 6 ni ìnáwó, ìsọ̀rí 7 ni owó tó ń wọlé. Agbanisíṣẹ́ ní Akwa tàbí Bonanjo á fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú CV pé ẹ ti ń kọ́ ọ. Yorùbá tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní Kútọnu tàbí Porto-Novo ti ní ìmọ̀ yìí lọ́wọ́. Mo ti rí èyí tí kò kọ ọ́ síbì kankan rárá.

Ọ̀rọ̀ èdè wá kù. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ jẹ́ èdè ìjọba ní Kamẹrúùnù, àmọ́ Faransé ló pọ̀ jù nínú ọ́fíìsì Douala. Ọmọ wa kọ ọ́ pé òun gbọ́ Faransé "dáadáa". Mo bá a sọ ọ́ lórí fóònù, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ tó fi padà sí Yorùbá. Irọ́ tó rọrùn jù láti já nìyẹn, nítorí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò kò ní ju kó yí èdè padà lọ. Ìdánwò DELF wà, ó sì máa ń sọ ìpele tí èèyàn wà: A2, B1, B2. Ẹni tó bá kọ B1, tó sì jẹ́ B1 lóòótọ́, yóò níyì lójú wọn ju ẹni tó kọ "dáadáa" lọ.

Bí wọ́n bá fi Faransé polówó iṣẹ́ náà, Faransé ni kí ìwé yín jẹ́. Kí ẹni tó gbọ́ èdè náà kà á kó tó jáde. Ẹ ṣọ́ra lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé létí títì. CV kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn tẹ́lẹ̀; wọ́n á yọ orúkọ ẹni àná, wọ́n á fi tiyín sí i, ẹ ó sì rí i pé awakọ̀ àti nọ́ọ̀sì ń sọ ohun kan náà nípa ara wọn.

Fọ́tò ńkọ́? Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n rí fọ́tò, ọjọ́ orí àti ipò ìgbéyàwó lórí CV ní Douala. Bí ẹ bá fẹ́ fi irú ìwé kan náà wáṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọn kì í fẹ́ rí i níbẹ̀. Àmọ́ níhìn-ín, ẹ má fi orílẹ̀-èdè yín pamọ́. Kamẹrúùnù kò sí nínú ECOWAS. Òfin iṣẹ́ wọn ti August 1992 sì sọ pé mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu àdéhùn iṣẹ́ àjèjì kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ní ìwé ìgbélùú, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Ó ń dín ìbẹ̀rù agbanisíṣẹ́ kù.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ máa sọ: ẹni tí a mọ̀ ló ń fúnni níṣẹ́, ìwé kọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní í jiyàn. Àmọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ yẹn, kí ló máa gbé lọ́wọ́ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀? Ìwé yín ni. Bí ìwé náà bá dójú tì í lẹ́ẹ̀kan, kò ní í gbé ti àbúrò yín. Ìjọba Kamẹrúùnù sì dá Fonds National de l'Emploi sílẹ̀ láti 1990 láti máa so ẹni tó ń wáṣẹ́ pọ̀ mọ́ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́. Ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ní HND nìkan. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ndokoti ní CV, ó kàn jẹ́ pé kò tíì kọ ọ́ ni. Irú ọkọ̀ wo lo lè tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ kí o sì tún un tò? Ọmọ iṣẹ́ mélòó lo ti kọ́? Ta ni ọ̀gá rẹ, ṣé a lè pè é? Ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ àjàgbé kó ẹrù láti Douala lọ sí N'Djamena àti Bangui ń fẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ju ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò lọ.

CV ọmọ Ìbàdàn yẹn ti di ojú ìwé kan àtààbọ̀. Kò sí "olóòótọ́" níbẹ̀ mọ́. Orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọmọ náà sì ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá náà kó tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà Yorùbá tẹ́ ẹ wà ní Douala, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbi iṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá pàdé níbi ìpàdé ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe ọmọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gba CV rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa ń ṣe níbi iṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ mú bírò dání.