Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ta Ni Ó Ń Jẹun Kẹ́yìn?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá nínú Olúwa, nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa sísin ọmọnìkejì, ọkàn púpọ̀ nínú wa a máa sá lọ sí òde: sí ilé ìwòsàn, sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, sí ọ̀dọ̀ àwọn opó tí ìjọ ń pín ìrẹsì fún ní àkókò Kérésìmesì. Gbogbo èyí dára, àwa kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti wí pé ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni àwa yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù, gẹ́gẹ́ bí a ti ròyìn rẹ̀ ní orí kẹfà Ìṣe Àwọn Àpósítélì. Àwọn ènìyàn wọnnì fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n ń ta ohun ìní wọn, wọ́n sì ń pín oúnjẹ fún àwọn aláìní lójoojúmọ́. Síbẹ̀síbẹ̀ ìkùnsínú dé. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríkì ni a ń gbójú fò dá níbi oúnjẹ. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa wọ́n. A kàn ń gbàgbé wọn ni. Àwọn Àpósítélì kò bá àwọn tí ń kùn wí. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí a ń ròyìn rere wọn, tí wọ́n kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n, láti máa bójú tó oúnjẹ náà. Ẹ kíyèsí i pé orúkọ èdè Gíríkì ni orúkọ àwọn méjèèje. Ó dà bí ẹni pé ọwọ́ àwọn tí ó mọ ẹni tí a ti ń gbàgbé ni a fi ṣíbí ìpọnbẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Fílémónì. Ìjọ a máa pàdé nínú ilé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ní ẹrú kan tí ń jẹ́ Ónẹ́símù, ẹni tí ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù rán ọkùnrin yìí padà, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí olówó rẹ̀ gbà á bí arákùnrin olùfẹ́, kì í ṣe bí ẹrú mọ́. Bí ó bá sì jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí ó kà á sí Pọ́ọ̀lù lọ́rùn. A lè máa kọrin ìsìn nínú yàrá, kí ẹni tí ń gbá yàrá náà má mọ̀ pé ìhìnrere kan òun.

Àwa ará Ìbàdàn kò nílò láti rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Láti Ọjà Ọba sí Kúdẹtì, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni. Ní 1851 ni David Hinderer kọ́kọ́ wọ ìlú yìí. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna aya rẹ̀. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. A ń kó ẹrú bọ̀ láti ojú ogun, a sì ń tà wọ́n lọ́jà. Àwọn òbí ń bẹ̀rù láti fi ọmọ sílẹ̀ fún òyìnbó, títí ìjòyè kan fi fún wọn ní méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Yéjídé àti Akínyẹlé, láti kọ́. Ní ìlú yìí kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù A. B. Akínyẹlé ti jáde, ẹni tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, àti I. B. Akínyẹlé tí ó jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kan ọ̀rọ̀ wa jùlọ ni Daniel Olúbí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ìránṣẹ́ ilé ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ lọ́dọ̀ Hinderer. Wọn kò fi í sílẹ̀ ní ìdí ààrò. A kọ́ ọ ní ìwé, ó di olùkọ́, ó sì di ẹni tí ń wàásù. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, tí ọ̀nà Èkó sì dí, owó tán ní ilé Kúdẹtì; wọ́n ta ẹrù ilé kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ, tọmọdé tàgbà sì jọ fara da àìní náà. Nígbà tí àwọn Hinderer lọ pátápátá ní 1869, ọwọ́ ìránṣẹ́ àná ni ìjọ Ìbàdàn bọ́ sí. Ó gba oyè díákónì ní 1871, ó sì di àlùfáà ní 1876. Ní gbogbo ọdún ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, òun ni ó ń ṣe olùṣọ́ agbo náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó wà nílé wa lónìí, kí ni yóò dà?

Ẹ dé Ọjà Ọba ní òwúrọ̀, nígbà tí agogo ilé ẹ̀kọ́ ti lù tán. Ẹ ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tí ń tẹ̀lé ìyá kan lẹ́yìn, èlùbọ́ lórí, ìwé kò sí lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé ìyá náà kò fi ìpàdé ẹgbẹ́ Dọ́káàsì jẹ rí, bẹ́ẹ̀ aṣọ tí Dọ́káàsì ará Jọ́pà ń rán, àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ó ń fi wọ̀. Àwọn mìíràn yóò wí pé, “Òbí rẹ̀ kò rí jẹ, àwa ni a gbà á là.” Òtítọ́ lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrú ní baba, ọ̀nà ni ó jìn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ilẹ̀ wa, ti 2003, sọ pé gbogbo ọmọ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dá wa lẹ́kun àti máa fi iṣẹ́ àṣekúdórógbó rẹ́ ọmọ jẹ. Ohun tíjú ni yóò jẹ́ bí òfin ìjọba bá ṣàánú ju ilé onígbàgbọ́ lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí ọmọ ọ̀dọ̀ jẹun nígbà tí àwọn ọmọ wa ń jẹun, nínú ìkòkò kan náà. Kí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí a sì dín iṣẹ́ kù kí ó lè ráyè kàwé. Bí ó bá ṣẹ̀, kí a bá a wí bí a ti ń bá ọmọ wí. Kí àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú máa pọn omi, kí wọ́n máa fọ abọ́, nítorí ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n rán nìkan, tí kò mọ̀ ọ́n jẹ́, kò lè kọ́ bí a ti ń sin ẹlòmíràn. Kí a sì máa dárúkọ àwọn òbí rẹ̀ nínú àdúrà ìdílé, kí a jẹ́ kí ó lọ kí wọn.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí àwa tí ń ránni pẹ̀lú máa fi tọmọ rán an.

Ní alẹ́ òní, kí a tó kúnlẹ̀, kí olúkúlùkù wo ìdí ààrò rẹ̀, kí ó wo ẹni tí kò ì tíì jẹun. Kí Olúwa là wá lójú. Àmín.