Àyànmọ́ Kọ́ Ni Ó Pa Ahab

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa nígbàkígbà tí a bá ń jíròrò lórí Moby-Dick, ìwé tí Herman Melville ṣe jáde ní 1851. Wọn a ní orí burúkú ni Ahab gbé wáyé. Wọn a ní ohun tí ó yàn lọ́run ni ó ń lé kiri lójú òkun. N kò gbà. Àwáwí gbáà ni, òun gan-an sì ni Ahab fi tan ara rẹ̀ jẹ títí ó fi kú. Ẹni tí ó bá dá a láre ní orúkọ orí yóò dá gbogbo olùgbẹ̀san láre. Àwọn baba wa tí ó sọ̀rọ̀ orí, ṣé wọn kò sọ̀rọ̀ ìwà?

Kí ni ẹja náà ṣe? Ó gé Ahab lẹ́sẹ̀. Àbùùbùtán ni (orúkọ yìí mà dùn o: ohun tí a bù, bù, tí kò tán), ẹni tí ó wá fi ọ̀kọ̀ pa á ni ó sì bù jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Boomer, ọ̀gá ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí Ahab pàdé lójú agbami. Ẹja funfun kan náà ni ó gba apá lọ́wọ́ tirẹ̀. Eegun àbùùbùtán ni ó fi ṣe apá, bí Ahab ti fi ṣe ẹsẹ̀. Ó tún rí ẹja náà lẹ́yìn èyí, kò lé e. Apá kan tó o. Ó ń fi ọ̀ràn náà rẹ́rìn-ín. Bí àyànmọ́ bá ń bẹ nínú ẹja, èé ti ṣe tí kò fi mú Boomer?

Ibi tí ó dùn mí jù, ẹja kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Gardiner, ọ̀gá ọkọ̀ Rachel, ará Nantucket bíi Ahab, wá bẹ̀bẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ti bá ọkọ̀ kékeré sọnù nígbà tí wọ́n ń lé ẹja. Wákàtí 48 péré ni ó ní kí Ahab fi bá òun wá a. Òun yóò sanwó. Ó rán an létí pé òun náà ní ọmọkùnrin nílé. Ahab kọ̀. Ó gbàdúrà pé kí òun lè dárí ji ara òun, ó sì ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń ṣẹ̀, ṣé a máa sọ̀rọ̀ ìdáríjì?

N kò ní dá àwọn atukọ̀ náà sí. Ó kan owó wúrà kan mọ́ òpó fún ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí ẹja, wọ́n hó yèè. Starbuck, igbákejì rẹ̀, ni ó kọ̀ ọ́ lójú pé a kì í gbẹ̀san lára ẹranko tí kò lóye. Òun náà gbé ìbọn lóru ọjọ́ kan, ó tún gbé e padà sí àyè rẹ̀. Òkun gbé gbogbo wọn mì àfi Ishmael. Rachel, tí ó ṣì ń wá ọmọ kiri, ni ó fà á yọ nínú omi.