Plọ́ọ̀gì Kọ́ Ló Ń Ṣàìsàn

Kò sí omi tí ọkọ̀ lè rìn ní Sandton, ní Johannesburg, tí mò ń gbé yìí. Síbẹ̀, bí Sátidé bá ti mọ́, ẹ óò rí àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n ń fi mọ́tò wọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Vaal Dam, nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà síhìn-ín. Àwọn ọmọ Yorùbá ti ń bá wọn ṣe é, ẹ́ńjìnnì Yamaha àlòkù ni wọ́n sì sábà máa ń rà, tú-sítírókù tí ará Màkókó mọ̀ dunjú. Kò ní pẹ́ tí èéfín á máa rú túú, tí plọ́ọ̀gì á dúdú kirikiri. Mẹkáníìkì á ní kí wọ́n ra èyí tó gbóná jù ú lọ.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, làpálàpá ni wọ́n ń pa.

Òkè ni ibí. Vaal Dam fi nǹkan bíi mítà 1,480 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti Èkó lọ ní bíi 15 nínú 100. Kabúrétọ̀ tí wọ́n wọn jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ihò tí epo ń gbà, fún etí òkun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kò jó tán, ìdọ̀tí rẹ̀ ló dì mọ́ ẹnu plọ́ọ̀gì. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ni oògùn rẹ̀. Plọ́ọ̀gì gbígbóná á jó ìdọ̀tí náà dànù lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo á ṣì máa ṣòfò. Bí ẹ bá sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Durban létí òkun nígbà ọlidé, ẹ lè padà pẹ̀lú písítìn tó lu. (Ẹni tó bá fi jẹ́ẹ̀tì kékeré sí i, kó yáa dá ti àkọ́kọ́ padà kó tó dé etí òkun. Jẹ́ẹ̀tì kékeré létí òkun gan-an ló léwu jù.)

Kì í ṣe pé iná plọ́ọ̀gì gbígbóná le o. Ooru ni kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Lára plọ́ọ̀gì NGK, nọ́ńbà tó ga ló tutù: B8HS tutù ju B7HS lọ. Ti Champion àti Bosch, òdìkejì ni. H yẹn, gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, mílímítà 12.7. Ti E jẹ́ 19, písítìn sì lè kọ lù ú.

Bàbá mi, awakọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, kì í sọ plọ́ọ̀gì nù láìkà á. Á fún ẹ́ńjìnnì ní iná dé òpin fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á pa á lójijì, á sì tú plọ́ọ̀gì lójú omi níbẹ̀. Àwọn tó ń rọra wakọ̀ dé èbúté kí wọ́n tó tú u, èéfín ìrìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń kà. Tánńganran tó yí irin àárín ká ni kí ẹ wò. Bó bá pọ́n bí èèpo ẹ̀pà sísun, ó dára. Dúdú tó gbẹ, epo ti pọ̀. Dúdú tó tutù, ọ́ìlì ti pọ̀, tàbí plọ́ọ̀gì tutù jù. Funfun báláú tó ní roro, ooru ti pọ̀ jù, ẹ má wa ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́. Bí ẹ bá rí ẹyọ wínníwínní tó ń dán lára rẹ̀, písítìn ti ń yọ́ nìyẹn.

Bí sílíńdà bá jẹ́ méjì, ẹ to plọ́ọ̀gì bí ẹ ṣe tú wọn. Bí ọ̀kan bá dúdú tí èkejì pọ́n, ẹ fi wọ́n ṣe pààrọ̀ ipò, kí ẹ tún sáré wò. Bí sílíńdà kan náà bá tún dúdú, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ lórí plọ́ọ̀gì.