Oògùn Ejò Tí Kò Sí Ejò Nínú Rẹ̀

Ní ọdún 2007, nígbà tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC, àjọ náà ti ọjà oògùn Bridge Head pa ní ìlú Onitsha, ìpínlẹ̀ Anambra. Ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n tún tì í pa, pẹ̀lú ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó àti Ariaria ní Aba, kí wọ́n tó ṣí wọn padà. Lára ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ nígbà méjèèjì ni títa ayédèrú oògùn. Oògùn tí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀, ayédèrú ni.

Òṣùwọ̀n yìí kan náà ló yẹ kí ènìyàn fi wọn àwọn oògùn homeopathy tí wọ́n ní láti ara ẹranko ni wọ́n ti mú wọn. Samuel Hahnemann, dókítà ará Jámánì, ló dá ìlànà ìtọ́jú yìí sílẹ̀ ní ọdún 1796. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ohun tó ń kó àìsàn bá ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá bù ún ní ìwọ̀n kékeré. Oró ejò kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe Lachesis, odidi kòkòrò oyin ni wọ́n fi ń ṣe Apis, omi dúdú tí ẹ̀dá inú òkun kan ń tú síta láti sá mọ́ ọ̀tá lọ́wọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe Sepia. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń kọ́ni pé ọgbọ́n tí ẹranko fi ń gba ara rẹ̀ là ni wọn yóò fi mọ aláìsàn tí oògùn rẹ̀ bá mu.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá, ẹni tó mọ omi ìgbín sí ẹ̀rọ̀. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti ka homeopathy mọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó kéré tán, ìgbín wà nínú omi ìgbín.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn yóò po ẹ̀kán oró kan mọ́ ẹ̀kán omi tàbí ọtí líle 99, wọn yóò sì gbọ̀n ọ́n. Wọn yóò tún mú ẹ̀kán kan nínú àpòpọ̀ náà, wọn yóò pò ó mọ́ 99 mìíràn. Èyí tí wọ́n kọ 30C sí lára, ìgbà 30 ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá fi kọjá ìgbà 12, ìṣirò kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé oró kankan ṣẹ́kù. Bí ènìyàn bá dúró lórí afárá Onitsha tó kán ẹ̀kán oró kan ṣoṣo sínú Odò Ọya, omi odò náà yóò lóró ju oògùn 30C lọ. Abájọ tí ìgbìmọ̀ ìjọba Ọsirélíà tó yẹ àwọn ìwádìí wò ní ọdún 2015 kò fi rí àìsàn kan tí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi hàn pé ó ń wò.

Kì í ṣe pé kò sí oògùn lára ẹranko. Ẹni tí ejò jararaca bá bù ṣán ní Bràsíl, ìfúnpá rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ lójijì. Àwọn onímọ̀ wá ohun tó ń ṣe é rí nínú oró náà, wọ́n ṣe àfarawé rẹ̀, òun ló di captopril tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1981 fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lóòótọ́, kò sí oró nínú captopril náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ ní orúkọ, ó sì ní ìwọ̀n. Ẹni tó bá gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò yóò bá a níbẹ̀. Oògùn oró ejò tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là ní Kaltungo, ìpínlẹ̀ Gombe, ńkọ́? Ní Costa Rica, wọ́n a máa fún ẹṣin ní oró díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ bí a ti ń bá a jà, inú ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń mú oògùn jáde. Bí ọgbọ́n tí ẹranko fi ń gba ara rẹ̀ là bá wúlò fún ènìyàn, òun nìyí. Ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò ti wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ayédèrú insulin yìí ló pa àbúrò Akunyili obìnrin ní ọdún 1988: oògùn tí kò sí oògùn nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kò yẹ kí òfin le mọ́ oníṣòwò Bridge Head nìkan, kí ó sì rọ̀ fún ẹni tó fi orúkọ ejò tàbí oyin ta omi àti ṣúgà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Kí NAFDAC mú un ní dandan pé kí wọ́n kọ iye mìlígíráàmù oró tó wà nínú oògùn sára páálí, ní nọ́ńbà tí kò lábùlà. Bí ó bá jẹ́ òdo, kí wọ́n kọ òdo.