Ìlù Ni Ó Kọ́kọ́ Mọ Òpin Ìtàn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Àwọn onífíìmù a máa sọ ìtàn kan tán, kí wọ́n tó padà wá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Irú ìtàn ìṣáájú bẹ́ẹ̀ ni The Phantom Menace tí George Lucas gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1999. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni, ti àwọn tí ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀. Láti ọdún 1977 ni Star Wars ti fi Darth Vader, ìkà ènìyàn, hàn wá. Ní 1983 a rí ikú rẹ̀. Fíìmù ti 1999 wá mú wa padà sí ìgbà tí Vader jẹ́ ọmọdé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anakin, tí òun àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ẹrú.

Ní Aládé-Ìdànrè, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń jiyàn lórí fíìmù yìí nígbà tí mo lọ lo ìsinmi níbẹ̀. Àwọn kan ní kò ní láárí, nítorí pé a ti mọ ohun tí ọmọ náà yóò dà. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò. Mo ní kí wọ́n gbójú sókè wo òkè. Ta ni kò mọ̀ pé àwọn baba ńlá Ìdànrè ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn? Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń gun àtẹ̀gùn lọ wo ààfin àtijọ́. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Bí ó ti rí kí ó tó rí báyìí ni wọ́n ń wá lọ.

Ohun tí ó dùn mí ni pé kò sí ẹni tí ó dárúkọ orin nínú àríyànjiyàn náà. Bẹ́ẹ̀ orin ni ó ṣáájú fíìmù dé ọjà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn ènìyàn fi retí. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ sanwó wọ ilé sinimá nítorí ìpolówó rẹ̀ nìkan, tí wọ́n sì jáde kí fíìmù tí wọ́n sanwó fún tó bẹ̀rẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú fíìmù ni àwo orin tí John Williams ṣe jáde. Àkọlé orin kan nínú rẹ̀ sì sọ gbangba pé Qui-Gon, ẹni tí ó yọ Anakin kúrò lóko ẹrú, yóò kú. Inú bí àwọn kan pé orin tú àṣírí.

Èmi ní iṣẹ́ ìlù ni ìyẹn. Orin tútù ni Williams ṣe fún Anakin, ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ sí òpin, ohùn orin Darth Vader a yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ náà kò mọ ohun tí òun yóò dà, ìyá rẹ̀ kò mọ̀, orin mọ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ kí onídùndún ki ọmọ, tí ó sì gbọ́ ìwà baba ńlá ọmọ náà nínú oríkì, kò ní ṣàì mọ ohun tí Williams ń ṣe.

Ibì kan wà tí n kò ti fara mọ́ ọn. Nínú Duel of the Fates, orin tí ó lókìkí jù nínú àwo náà, Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni àwọn elégbè fi ń kọrin. Ewì àtijọ́ àwọn ará Wales ni a tú sí èdè náà, Williams sì to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ìró ti dùn mọ́ ọn, kì í ṣe bí ìtumọ̀ ti rí. Orin náà dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Àwa tí ohùn ń fi ìyàtọ̀ sáàárín igbá, igba, ìgbà àti igbà fún, a kò lè ya ìró nípa sí ìtumọ̀.

Ní ọdún 1999 kan náà ni Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, jáde. Ìlù inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ni ó dá ọba tí ó sá fún ètùtù oyè lẹ́jọ́. Àwọn àjòjì náà ti ń kọ́ ọgbọ́n yìí. Nínú Black Panther ti ọdún 2018, tama, ìlù tí ó jọ gángan wa, ń pe orúkọ ọba T'Challa. Massamba Diop, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ni ó lù ú fún Ludwig Göransson, ará Sweden, tí ó gba ẹ̀bùn Oscar lórí orin náà ní 2019.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó kọ ìtàn onísáyẹ́ǹsì tiwa àti ìtàn ìṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ tí ìlù yóò sọ kí a tó kọ ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń gbọ́ dùndún láìsí ògbufọ̀? Bí a kò bá kọ́ ọ, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa fi ìlù sọ ìtàn wa fún wa. A ó máa jó, a kò sì ní mọ̀ pé àwa ni ó ń bú.