Wọ́n lé e n'Ídìí-Òro, wọ́n gba Pepple mọ́ ọn lọ́wọ́: Bí Shrine Fẹlá ṣe dé Agídíngbí

Ẹni tó bá yà sí òpópónà Pepple ní Kọ̀ǹpútà Fílééjì, n'Íkẹjà, lónìí, àwọn ọmọkùnrin tó ń na fóònù àti ṣájà sí èèyàn lójú ló máa kọ́kọ́ pàdé. "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fẹ́ rà? Àǹtí, ẹ wá wo ọjà o." Ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n ariwo yìí ò tíì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà ládùúgbò náà nígbà kan. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń taja níbẹ̀ ni wọn ò tíì bí nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kuti, Abàmì Ẹ̀dá, ń fọn fèrè mọ́jú lójú títì yìí kan náà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ò jìnnà rárá sí GRA Ìkẹjà, ibi tí ìjọba òyìnbó yà sọ́tọ̀ láyé wọn kí àwọn ọ̀gá lè máa gbé lábẹ́ igi, kí wọ́n sì rí oorun sùn. Ẹ ò rí nǹkan: ìdákẹ́jẹ́ níhìn-ín, Fẹlá lọ́hùn-ún.

Ìkẹjà kọ́ ni Shrine ti bẹ̀rẹ̀ o. Yábàá ni, ní kílọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ń pè ní Kakadu. Fẹlá ló yí orúkọ ẹ̀ padà sí Afro-Spot. Nígbà tó ti Amẹ́ríkà dé lọ́dún 1970, tójú ẹ̀ ti là sí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn dúdú, orin ìgbafẹ́ nìkan ò tó o mọ́. Ó kó lọ sí Sùúrùlérè, ó sọ ibẹ̀ ní Afrika Shrine. Láti Sùúrùlérè ló tún gba Hòtẹ́ẹ̀lì Empire lọ, n'Ídìí-Òro, lẹ́bàá títì Agége Motor Road. Àwọn èèyàn ń bi í pé kí ló dé tó fi pe kílọ́ọ̀bù ní ojúbọ. Fẹlá ò fi í ṣàwàdà. Ó tẹ́ pẹpẹ síbẹ̀, ó gbé àwòrán àwọn èèyàn bíi Kwame Nkrumah sí i, òun fúnra ẹ̀ sì ni olórí àwòrò. Ẹni tó bá fẹ́ jó, kó jó, ẹni tó bá fẹ́ mutí, kó mu, ṣùgbọ́n tó bá tó àkókò ìbọ, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ lọ gbári.

Ohun kan wà tó yẹ kéèyàn fọkàn sí látìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn ilé wọ̀nyí tó jẹ́ ti Fẹlá. Ilé onílé ni gbogbo ẹ̀, àlejò lòun, bó ti wù kó lókìkí tó.

Òkìkí ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Lọ́dún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan lára àwọn Beatles tí gbogbo ayé mọ̀, wá sí Èkó láti wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI, ní Àpápá. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà, Ìkẹjà níbí ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ní sítúdíò tí Ginger Baker, òyìnbó onílù tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Fẹlá, kọ́ síbẹ̀. McCartney lọ sí Shrine, ó gbọ́ báǹdì Africa 70, omi sì bọ́ lójú ẹ̀ nítorí bí orin náà ṣe wọ̀ ọ́ lára tó. Fẹlá ò tìtorí ẹkún yẹn rọ̀ o. Ó fẹ̀sùn kàn án ní gbangba pé orin àwọn èèyàn dúdú ló wá jí kó. Ìgbà tí McCartney jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ti gbà sílẹ̀, tí kò sí orin Fẹlá kankan níbẹ̀, ni ìjà náà tó parí.

Ti ìjọba ò parí ní tiẹ̀. Ìjọba ológun ṣe àjọ̀dún FESTAC lóṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ọdún 1977, wọ́n náwó bí ẹlẹ́dà, Fẹlá sì kọ̀, ó ní òun ò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Shrine tiẹ̀ ni àwọn olórin tó ti òkè òkun wá ń wọ́ lọ lálẹ́. Àjọ̀dún parí lọ́jọ́ 12, oṣù kejì. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà, ọjọ́ 18, àwọn ṣọ́jà ya bo ilé Fẹlá tó ń pè ní Kalakuta Republic, nítòsí Shrine. Wọ́n ní wọ́n tó ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n lu ọkùnrin, wọ́n lu obìnrin, wọ́n ju ìyá Fẹlá, Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà kanlẹ̀. Ìyá náà kú lóṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ṣọ́jà tẹ́nìkan ò mọ̀ ló ṣe é. Ṣọ́jà tẹ́nìkan ò mọ̀! Ìjọba sì tún gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Bí Shrine Ìdí-Òro ṣe parí nìyẹn.

Ìgbà náà ni Ìkẹjà wọ̀ ọ́. Fẹlá kó wá síbí, ó padà ń gbé ní òpópónà Gbẹ́misọ́lá, ìtòsí Allen, ó sì rí ilẹ̀ kan ní Pepple tó tún fi ṣe Shrine. Ẹni tó bá ń retí ilé ńlá tó ní àga tìmùtìmù, kó yáa gbàgbé ẹ̀. Àgbàlá ni, páànù ni wọ́n fi bo òkè ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé, òjò náà sì ń wọlé lọ́jọ́ tó bá wù ú. Wọ́n kan àwọn ibi gíga kan bí ilé ẹyẹ, ibẹ̀ làwọn ọmọbìnrin oníjó ń dúró sí jó. Níwájú ìta, tí ògógóró wà, sùyà wà, ẹni tó bá sì fẹ́ ewé tí ọlọ́pàá ń wá, kì í rìn jìnnà kó tó rí i.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Yabis Night. Fẹlá á dé nígbà tó bá wù ú, ó lè jẹ́ aago kan òru, ó lè jẹ́ méjì. Á tan sìgá ẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba, á bú ọ̀gá ṣọ́jà, á bú àwọn oníwàásù, àwọn èrò náà á máa dá a lóhùn, wọ́n á máa bú òun náà. Ọjọ́ Sátidé ni ti ìbọ. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn obìnrin kì í san owó ìwọlé, ẹ sì mọ̀ pé ibi tóbìnrin bá ti ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ọkùnrin ò ní jìnnà síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ti ẹnu iṣẹ́ ọ̀sán bọ̀, àwọn ọmọ yunifásítì, àwọn lọ́yà, àwọn jàgùdà, òyìnbó tó ti òkè òkun wá, gbogbo wọn ló ń jókòó pa pọ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè tètè lọ sílé. Ìpayà olè ò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn lóru, ẹni tó bá ti wọlé ti wọlé nìyẹn, àfi tílẹ̀ bá mọ́ tí dáńfó àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ọ̀ṣòdì.

Ohun tí àwọn tí kò dé Pepple rí kì í mọ̀ nìyí. Bí Fẹlá bá ti ṣe orin kan sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ti parí nìyẹn, kì í kọ ọ́ níwájú èrò mọ́. Ẹni tó bá ń pariwo pé kó kọ "Lady" tàbí "Zombie", ó kàn ń dààmú ara ẹ̀ ni. Orin tuntun ló ń kọ ní Shrine, á máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí kan. Rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun tó gbé jáde kẹ́yìn, Underground System, ọdún 1992 ló jáde. Látìgbà náà títí tó fi kú, ọdún márùn-ún, kò gbé tuntun jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń kọ orin. "Clear Road for Jaga Jaga" wà ńbẹ̀, "Condom, Scallywag and Scatter" wà ńbẹ̀, "Government of Crooks" náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ wọn, Pepple ló ń lọ. Ẹni tí kò bá rówó ọkọ̀ dé Ìkẹjà, àròsọ lásán ló máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Shrine yìí náà ló fi Fẹ́mi, àkọ́bí Fẹlá lọ́kùnrin, hàn fáyé. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1984, wọ́n mú Fẹlá ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, wọ́n ní ó fẹ́ kó owó òkèèrè jáde láìgbàṣẹ, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Fẹ́mi ló gba báǹdì Egypt 80 di, tí Shrine ò fi ti ìlẹ̀kùn. Wọ́n dá Fẹlá sílẹ̀ lọ́dún 1986, ọdún náà gan-an ni Fẹ́mi ní òun fẹ́ dá báǹdì tòun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dé egungun. Bàbá àti ọmọ ò sọ̀rọ̀ síra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Ìkẹjà sì pín sí méjì lórí ẹ̀, àwọn kan ń sọ pé ọmọ náà ya aláìmoore, àwọn mìíràn ní ṣé kò yẹ kí ẹni tó ti ń fọn fèrè fún bàbá ẹ̀ fọn tiẹ̀ náà ni. Ká sòótọ́, ká ní Fẹ́mi ò kúrò lábẹ́ bàbá ẹ̀ lọ́dún yẹn, ó ṣòro láti rí bí Shrine ì bá ṣe wà títí dòní.

Fẹlá kú lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 1997, lẹ́ni ọdún 58. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sí gbangba pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ àìsàn náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹni tiẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sí Tafawa Balewa Square lọ́jọ́ 11, èrò sì tẹ̀ lé òkú náà láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìkẹjà. Ọjọ́ 12 ni wọ́n sin ín síwájú ilé ẹ̀ ní Gbẹ́misọ́lá.

Báyìí lọ̀rọ̀ ilé onílé tún dìde. Ilẹ̀ Pepple, Fẹlá kọ́ ló ni ín. Àwọn onílẹ̀ ní àwọn fẹ́ gba nǹkan àwọn, wọ́n sì gbà á. Ohun tí iná ṣọ́jà ò rí ṣe pátápátá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe é láìyìnbọn. Kí ọdún 2000 tó dé, ìlù ti dákẹ́ ní Pepple.

Fẹ́mi àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Yẹni, ò jókòó sunkún. Yẹni ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Felabration lọ́dún 1998, kí orúkọ bàbá wọn má baà pa rẹ́, ó wá ku ibi tí wọ́n máa ti máa ṣe é. Wọ́n kọ́ New Afrika Shrine sí Agídíngbí, lójú títì NERDC, láàárín àwọn iléeṣẹ́, níbi tí Cadbury wà, tí kò sì jìnnà sí Aláúsá tí ìjọba jókòó sí. Oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i. Lọ́tẹ̀ yìí, tiwọn ni, kì í ṣe ilé onílé. Gbọ̀ngàn ńlá ni, ó ju Pepple lọ fíìfíì, àwòrán Fẹlá wà lára ògiri káàkiri. Ibẹ̀ ni Fẹ́mi ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Africa Shrine tó jáde lọ́dún 2004. Ṣeun, àbúrò wọn, tó jogún Egypt 80 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, náà ń ṣeré níbẹ̀.

Wàhálà ìjọba ò ṣàì tẹ̀ lé wọn lọ. Lọ́dún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ibẹ̀ pa, wọ́n ní ariwo pọ̀, ọkọ̀ àti àwọn tó ń taja sì dí ojú títì. Ká má parọ́, ojú títì náà ń dí lóòótọ́. Àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí i. Ìjọba yìí kan náà, lábẹ́ Gómìnà Fáṣọlá, ló tún fi mílíọ̀nù 40 náírà ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sọ ilé Gbẹ́misọ́lá di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2012 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ ìbí Fẹlá gan-an. Bàtà ẹ̀ wà níbẹ̀, fèrè ẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn pátá kékeré tó máa ń wọ̀ kiri ilé náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, oṣù keje, ọdún 2018, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, wá sí Agídíngbí. Ó ní òun ti wá síbẹ̀ rí lọ́dún 2002, nígbà tóun ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tẹ́nìkan ò mọ òun. Àwọn agbófinró yí Shrine ká lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Ìṣọ́ ni wọ́n wá ṣe.