Etí Tó Ṣí, Ara Tó Ń Ta Sánsán: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Sáré Láàárọ̀

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ dópin. Ó kan àwọn tó ń sáré láàárọ̀ nítorí ìlera wọn. Láyé àtijọ́, bí àgbàlagbà bá ń sáré lójú títì ní kùtùkùtù, àwọn èèyàn á máa béèrè pé kí ló ń lé e. Ní báyìí, tọmọdé tàgbà ló ń sáré: lẹ́bàá ọ̀sà Àjàṣẹ́, nísàlẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́, lágbègbè Àkábá Ìdénà ní Kétu, àti létí òkun Fidjrossè ní Kútọnù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé ó kéré tán, àgbàlagbà nílò 150 ìṣẹ́jú ìdárayá tí kò le jù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí 75 ìṣẹ́jú bó bá jẹ́ èyí tó le. Bí ẹ bá pín 150 yẹn sí ọjọ́ márùn-ún, 30 ìṣẹ́jú péré ni lójúmọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: bí ẹ bá ń sáré lójú títì, ẹ yọ écouteurs kúrò létí. Ojú ọ̀nà ló ni etí yín lásìkò yẹn. Ìgbádùn tí ẹ ń wá nínú orin, ẹ lọ fi pa mọ́ sí balùwẹ̀, nínú ọṣẹ olóòórùn òdòdó tó ń dúró dè yín nílé. Ara tó ṣiṣẹ́ yẹ kó gbádùn, àmọ́ gbogbo ìgbádùn ló ní ibi tó yẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti etí. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó ń sáré kò lójú lẹ́yìn, etí ló fi ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lọ́pọ̀ ojú ọ̀nà wa, kò sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá, taksí ń dúró lójijì láti gbé èrò, zémíjàn ń gba ọ̀tún, ó ń gba òsì. Ẹni tí etí rẹ̀ ṣí á gbọ́ fèrè, á gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sún mọ́ ọn, á sì yà kúrò lọ́nà kó tó di wàhálà. Ẹni tí orin dí létí, àfi kí ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ náà tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alùpùpù tó ń lo iná mànàmáná ti wọ ìlú, àwọn zémíjàn ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ ní Kútọnù àti ní Lomé. Ó dára fún afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, kò rú èéfín. Àmọ́ kì í pariwo bíi ti elépo. Ìró táyà rẹ̀ lórí títì ni ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ìyẹn bí ẹ bá fetí sílẹ̀. Bí ẹni tí etí rẹ̀ ṣí bá lè ṣì í gbọ́, ẹni tí orin ń dún létí ńkọ́?

Ẹ̀kejì ni ti ìkíni. Àwa ọmọ Yorùbá kì í fi ìkíni ṣeré. Bàbá àgbà kan jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó rí ọmọ tó ń sáré bọ̀, ó ní, “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, rọra o!” Ọmọ náà kọjá bí òpó. Kì í ṣe pé kò lẹ́kọ̀ọ́, kò gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni bàbá ṣe máa mọ̀? Lójú tirẹ̀, ọmọ lágbájá ti di ẹni tí kì í dáhùn. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí àwọn àgbà máa sọ pé ìlera àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti di ìgbéraga. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí nǹkan bá ṣe yín lójú ọ̀nà, bàbá yẹn ló máa kọ́kọ́ sáré bọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Láwọn ìlú wa tí Orò ti ń jáde, ohùn ni a fi ń mọ̀ pé ó wà níta. Obìnrin tó ń sáré ní kùtù hàì, tí orin dí i létí, lè máà gbọ́ ìkìlọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ohun yòówù kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbà gbọ́ nípa rẹ̀, ọlọ́gbọ́n kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dán ara rẹ̀ wò.

Ẹ̀kẹrin ni ti etí fúnra rẹ̀. OMS sọ pé ó ju bílíọ̀nù kan àwọn ọ̀dọ́ lágbàáyé lọ tí etí wọn wà nínú ewu nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin. Bí orin bá wà ní décibel 80, èèyàn lè gbọ́ ọ fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀ láìséwu. Bó bá gòkè dé 90, wákàtí mẹ́rin péré ni lọ́sẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì: ariwo ọkọ̀ pọ̀, orin ò fẹ́ dún dáadáa, ẹni tó ń sáré á tún yí ohùn rẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni etí á ṣe máa kú díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tó jáde lọ wá ìlera.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, “Orin ló ń fún mi lágbára, láìsí i mi ò lè sáré dé ibì kankan.” Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Costas Karageorghis ní Yunifásítì Brunel nílùú Lọ́ńdọ̀nù ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí orin àti eré ìdárayá, ó sì fi hàn pé orin máa ń mú kí iṣẹ́ dà bí ohun tó fúyẹ́ lára ju bó ṣe rí lọ, pàápàá bí èèyàn ò bá tíì sáré tagbáratagbára. Ìdí nìyí tí orin fi dára nínú yàrá ìdárayá tàbí ní pápá tí ọkọ̀ kì í wọ̀. Ṣùgbọ́n lójú títì, ohun tó ń mú ọkàn yín kúrò lórí àárẹ̀ náà ló ń mú un kúrò lórí ọkọ̀. Ní ọdún 2007, àjọ tó ń darí eré sísá ní Amẹ́ríkà, USATF, fòfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dẹ òfin náà, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń du ẹ̀bùn ló kù tó dè.

Àwọn obìnrin kan náà máa sọ pé àwọn ń kì í bọ etí kí àwọn ọkùnrin tó ń sọ ìsọkúsọ lójú ọ̀nà lè fi àwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo, ìtìjú rẹ̀ sì wà lọ́rùn àwa ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀gbọ́n wa, ẹ lè fi ọ̀kan sétí láìtan orin kankan. Ẹ máa dà bí ẹni tí kò gbọ́, ẹ sì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń kọ́ eré sísá láìsí orin? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi orin sílẹ̀ ní ọjọ́ kan péré. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ méjì. Ẹ máa fetí sí ẹsẹ̀ yín: bó bá ń dún gbì-gbì, ẹ ń tẹlẹ̀ jù, ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú. Ẹ máa ka èémí yín: ìṣísẹ̀ mẹ́ta fún fífà wọlé, méjì fún títú jáde. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìró ẹsẹ̀ àti èémí á di ìlù fún yín, kò sì ní béèrè bátìrì. Apá òsì títì ni kí ẹ máa gbà, kí ẹ lè máa wo ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń wọn eré sì ti wà lẹ́nu wa látọjọ́ tó ti pẹ́: ìkíni wa. Àwọn tó mọ̀ nípa eré sísá sọ pé, bí ẹ bá lè sọ odindi gbólóhùn kan láìmí gúlegúle, eré yín kò le jù. Nítorí náà, ẹ kí àwọn èèyàn! Bí ẹ bá lè sọ pé, “Ẹ káàárọ̀ o, màmá, ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ọmọ ńkọ́?” tí ohùn yín kò já, ẹ máa bá eré yín lọ. Bó bá jẹ́ pé “Ẹ káà...” ni gbólóhùn náà parí sí, ẹ rọra o, ẹ dẹ eré yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ dán an wò.

Bí etí bá ti ṣí báyìí, imú náà á jí. Ẹ máa gbọ́ òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín, gàrí tí wọ́n ń yan, ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Imú ló sì máa bá yín délé, dé ẹnu balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀bùn yín wà.

Kò dìgbà tí ọṣẹ bá jẹ́ olówó gọbọi. Ẹyọ kan tó ń ta sánsán bí òdòdó rose tàbí jasmin ti tó. Àwọn ọkùnrin kan ń sọ pé tobìnrin ni òórùn òdòdó. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lọ́fínńdà tí tọkùnrin tobìnrin wa ń pè, orúkọ òdòdó ni. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì la ti yá a, òdòdó náà sì ni àwọn Faransé ń pè ní lavande. Eau de Cologne tí àwọn bàbá wa ń fi pa ojú lẹ́yìn tí wọ́n bá fárùngbọ̀n tán, ìlú Cologne ní Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ilé iṣẹ́ Farina ti wà láti ọdún 1709, òdòdó ọsàn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọkùnrin tó ń ta sánsán kò pàdánù ohunkóhun.

Ẹ má sì rò pé ọṣẹ jẹ́ ohun àjèjì. Ọṣẹ dúdú ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa látayébáyé. Ní ọ̀rúndún 19, epo pupa láti Àjàṣẹ́ àti agbègbè rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ọṣẹ. Ilẹ̀ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ìpilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lo ọgbọ́n. Òógùn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó wà lára wa ló ń sọ ọ́ di òórùn burúkú. Nítorí náà, ẹ má fún lọ́fínńdà sórí òógùn. Ẹ jẹ́ kí ara kọ́kọ́ rọlẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀, kí ẹ tó fi òórùn dídùn lé e. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi òrí pa ara kó má baà gbẹ. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí ọṣẹ: bí awọ yín bá máa ń yún yín, ẹ ṣọ́ra fún “parfum”, “linalool” àti “geraniol”, torí wọ́n máa ń yọ àwọn kan lẹ́nu. Bí ẹ bá sì rí “hydroquinone” tàbí “mercure”, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ìyẹn kì í ṣe ọṣẹ ìgbádùn, ohun tó ń bó awọ ni, kò sí bí òórùn òdòdó rẹ̀ ṣe lè dùn tó.

Èrò tèmi nìyí. Ẹni tó jí ní kùtù, tó sáré, tó làágùn, ti ṣe iṣẹ́ rere fún ara rẹ̀, ó sì tọ́ sí ìgbádùn. Ẹ jẹ́ kí ìgbádùn náà dúró dè é nílé, kí ó má bàa di ohun tí kò ní jẹ́ kó padà délé. Ẹ ṣí etí yín lójú ọ̀nà, ẹ kí ará àdúgbò, ẹ padà wálé ní àlàáfíà, kí ẹ wá wẹ̀ kí ara ó máa ta sánsán.

Ẹ̀yin ńkọ́? Àwọn wo ló ti ń sáré láìsí orin níhìn-ín, ọṣẹ wo ló sì ń dúró dè yín ní balùwẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu yín. Ire o.